Èéfín Tó Wà Lára Ẹyẹ

Bí wọ́n bá dárúkọ ìtàn, ìwé àtijọ́, ọba àti ogun ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ sí. Nínú àròkọ yìí, òkú ẹyẹ ni mo fẹ́ pè wá jẹ́rìí.

Láyé àtijọ́, àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà a máa pa ẹyẹ, wọn a bó awọ rẹ̀ tìyẹ́tìyẹ́, wọn a fi òwú kún inú rẹ̀, wọn a sì so páálí pélébé mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pa á àti ọjọ́ tí wọ́n pa á ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Lójú tèmi, páálí yẹn ló sọ ẹyẹ di ìwé ìtàn. Èyí tí kò bá ní páálí, òkú ẹyẹ lásán ni.

Inú àpótí ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n ń kó wọn sí. Ní báyìí, wọ́n ti ń ya wọ́n ní fọ́tò, wọ́n sì ń tẹ ohun tó wà lára páálí sínú kọ̀ǹpútà.

Ní 2017, Shane DuBay àti Carl Fuldner ti Yunifásítì Chicago gbé iṣẹ́ kan jáde. Ẹyẹ ni DuBay ń kọ́, ìtàn fọ́tò yíyà ni ti Fuldner. Wọ́n ya fọ́tò ẹyẹ tó lé ní 1,300, tí wọ́n ti pa láàárín 135 ọdún ní agbègbè tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí ní Amẹ́ríkà. Àkókó olórí pupa wà lára wọn. Fọ́tò náà ni wọ́n fi wọn bí ìyẹ́ àyà àti ikùn wọn ṣe dúdú tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fiyè sí èyí: ẹyẹ a máa pa ìyẹ́ lọ́dọọdún kó tó hu tuntun, nítorí náà èéfín ọdún tí wọ́n pa á ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe ti ìgbà pípẹ́.

Àwọn àgbà ní èéfín nìwà. Àwọn ẹyẹ ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ lẹ́yìn 1900 ló dúdú jù. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, èédú tí wọ́n ń sun dín kù, ara ẹyẹ sì mọ́. Ogun Àgbáyé Kejì dé, ilé iṣẹ́ tún gbiná, ẹyẹ tún dúdú. Lẹ́yìn ogun, gáàsì gba ipò èédú nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹyẹ já ìwé nírọ́: èéfín ìgbà náà pọ̀ ju iye tí àwọn onímọ̀ ti ṣírò lọ. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, torí èéfín dúdú wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná.

Àwa náà ní ẹyẹ nínú àpótí. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n kó lọ láti Nàìjíríà nígbà ìjọba amúnisìn wà ní Tring, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbátan ẹ̀gà kan tilẹ̀ wà tó ń jẹ́ Malimbus ibadanensis, dúdú ni, orí àti àyà rẹ̀ pupa. Elgood, olùkọ́ ní Ìbàdàn, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1958. Gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà nìkan ló ń gbé, igbó rẹ̀ sì ń tán lọ.

Fọ́tò kò lè rọ́pò ẹyẹ fúnra rẹ̀; bó bá jẹ́ tèmi ni, díẹ̀ nínú wọn ì bá wà nílé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ara páálí bá dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ Ìbàdàn tàbí Ìlaròó lè ka orúkọ igbó tí wọ́n ti mú ẹyẹ kan nígbà náà, kó gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀, kó lọ wò ó bóyá igi ni yóò bá tàbí ilé epo.