Ìtàn Oúnjẹ Wa àti Ara Sísanra

Bí a bá rí ẹni tó sanra, a máa ń sọ pé ayé ń yẹ ẹ́. Bí a bá rí ẹni tó rù, a ní ìyà ń jẹ ẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà gbogbo? Ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn oúnjẹ wa léèrè.

Kí ni àwọn baba ńlá wa ń jẹ? Wọ́n ń jẹ iṣu, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹran ìgbẹ́ àti epo pupa. Ti ilẹ̀ wa ni iṣu funfun àti ọ̀pẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbàdo kò sí níbí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọkọ̀ àwọn òyìnbó dé Amẹ́ríkà ní 1492. Lẹ́yìn náà, àwọn ará Pọ́túgà kó irúgbìn ibẹ̀ wá sí etí òkun wa. Kí ọdún 1700 tó pé, àgbàdo ti ń hù ní ilẹ̀ wa.

Láti Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ náà ti wá. Kò tètè gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí májèlé wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń ṣe é kò lè jẹ ẹ́. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì mọ̀ ọ́n ṣe. Lẹ́yìn tí àwọn ẹrú dìde ìjà ní Bàíà ní 1835, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gba òmìnira padà sí Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Wọ́n mọ bí a ti ń rin ẹ̀gẹ́, bí a ti ń fún omi rẹ̀ àti bí a ti ń yan án. Wọ́n wà lára àwọn tó mú kí gaàrí gbilẹ̀.

Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìyàn. Agbára pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń kọ́ ẹran ara kò tó nínú wọn, pàápàá jù lọ nínú ẹ̀gẹ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́ fi gbọ́dọ̀ bá wọn rìn.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gánà. Ní 1933, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tó ń wú lẹ́sẹ̀ àti lọ́wọ́, tí awọ ara wọn ń bó. Àwọn ará Gáà ti mọ àìsàn náà ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé. Ẹ̀kọ àgbàdo ni oúnjẹ àwọn ọmọ náà. Ẹni tó bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè rò pé ó sanra. Kò sanra rárá. Omi ló kún ara rẹ̀. Ẹran ara rẹ̀ ti ń tán.

Kí ló wá ń mú àgbàlagbà sanra jù? Oúnjẹ dàbí igi ìdáná. Iṣẹ́ ni iná tó ń jó o. Èyí tí iṣẹ́ kò bá jó, ara á tọ́jú rẹ̀, á sọ ọ́ di ọ̀rá. Baba wa jẹ iyán ńlá kò sanra, nítorí ó fi ọkọ́ kọ ebè, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ń gun zémíjàn, a sì ń jókòó ti ọjà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Abọ́ wa kò kéré sí ti baba wa.

Oúnjẹ mìíràn sì tún wọlé. Nígbà ìjọba Faransé, tó parí ní 1960, jíjẹ búrẹ́dì gbilẹ̀. A fi tíì aládùn tì í. Ṣúgà inú tíì kì í yó ni, ṣùgbọ́n ara ń kà á. Epo àti òróró le jù bẹ́ẹ̀ lọ: gíráàmù kan ṣúgà ń fún ara ní kálórì 4, gíráàmù kan epo ń fún un ní 9. Epo kì í ṣe ọ̀tá wa. Ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè láti 1922, epo pupa sì dára fún ojú. Àpọ̀jù rẹ̀ ni kò dára. Ọ̀rá àpọ̀jù lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ.

Nítorí náà, kí ni kí a ṣe? Ẹ̀yin ìyá, ẹ fún ọmọ lọ́mú títí yóò fi pé ọdún 2, bí àbúrò kò bá tètè dé. Ẹ fi ẹ̀wà lílọ̀, ẹyin tàbí ẹja sí ẹ̀kọ rẹ̀. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ ẹsẹ̀ ọmọ tó wú. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò tètè padà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ kì í ṣiṣẹ́ agbára mọ́, ẹ dín ṣúgà àti ohun díndín kù, kí ẹ sì máa rìn.

Àwọn àgbà ní, bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó yó lè má tíì jẹun ire. Ẹ bá ará ilé yín sọ ọ́ lálẹ́ òní: kí ló wà nínú abọ́ ọmọ wa?