Ẹni tó fi róólà sílẹ̀

Ìtàn la fẹ́ sọ lónìí, ẹ má fò ó.

Ọmọ Ofosu ni mí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè. Bí ẹ bá ti wọkọ̀ láti Ọ̀rẹ̀ lọ sí Bìní rí, ẹ ti gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ojú títì la ti ń jẹun, torí náà ìtàn ẹni tí Ọlọ́run pè lójú títì máa ń wọ̀ mí lára.

Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni. Wọ́n bí i ní 1904 ní Odò-Ọ̀wá, ní ìpínlẹ̀ Kwara òde òní. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kó tó wọ P.W.D., níbi tó ti ń wa róólà, ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ títì. Iṣẹ́ ìjọba nígbà yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré o! Ní October 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkejì-Arákejì, ẹ̀rọ náà kú. Bó ṣe ń tún un ṣe, ó ní òun gbọ́ ohùn tó pe orúkọ òun lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pé kí òun fiṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọmọ ọdún 24 ni. Ó fi í sílẹ̀ lóòótọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wàásù máa ń parí sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló wù mí jù.

Nígbà tó padà sílé, imọ̀ ọ̀pẹ ló fi bora, ó ń lu agogo kiri, àwọn ará ìlú ní orí rẹ̀ ti dàrú. Síbẹ̀ kò dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀. Èkó ló lọ, ó ṣèrìbọmi lọ́dọ̀ àwọn Faith Tabernacle, ó sì wà lábẹ́ àwọn àgbà wọn. Ní July 1930, nígbà tí àwọn àgbà yìí ń yanjú aáwọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìjọ ní Iléṣà, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè. Ìròyìn ìwòsàn tàn kálẹ̀, èrò ń wọ́ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Orúkọ Babalọlá ló wà lẹ́nu gbogbo wọn.

Ọ̀nà tiwa náà kàn án: ní 1932, Bìní ni wọ́n ti fi í sẹ́wọ̀n oṣù 6, nítorí ìwàásù rẹ̀ lórí àjẹ́. Ó jáde, ó tún ń wàásù lọ.

Nígbà tó wá di 1943, wọ́n forúkọ Christ Apostolic Church sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ta ni ààrẹ? Isaac Akínyẹlé ni, ọmọ Ìbàdàn tó di Olúbàdàn ní 1955. Ajíhìnrere Àgbà ni Babalọlá. Ẹ wo àdúgbò yín ná: pátákó ìjọ mélòó níbẹ̀ ni kò ti inú ìjà àga jáde? Róólà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló fi í sílẹ̀. Àga ààrẹ, ọdún 16 ló fi wà lábẹ́ ẹlòmíràn. Lójú tèmi, ìyẹn le ju ti róólà lọ.

Ẹdẹ ló kú sí ní July 1959. Yunifásítì kan wà ní Ìkejì-Arákejì báyìí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.