Orí Bíbẹ́ Kọ́ Loògùn Orí Fífọ́: Àyẹ̀wò Ráútà Lórí Okùn Fáíbà

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Bí a bá gé orí ẹni tí orí ń fọ́, lóòótọ́ ni orí náà kò ní fọ́ ọ mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí à ń tọ́jú ti lọ. Ohun tí òwe yìí ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wo àìsàn ni pé kó kọ́kọ́ wádìí ohun tó fà á. Ìwádìí yẹn gan-an la máa ń fò nídìí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba inú okùn fáíbà wọ ilé wa. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti ń falẹ̀, ráútà lẹ́jọ́ máa ń dì mọ́. A ó pa á, a ó tún un tàn, a ó fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò ẹ̀yìn rẹ̀ títí gbogbo ètò inú rẹ̀ yóò fi parẹ́. Bó bá ṣe díẹ̀ sí i, a ó lọ ra òmíràn.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne bàjẹ́ nítòsí etíkun Ivory Coast, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Èkó náà kò sì yọ sílẹ̀. Kò sí ráútà tí èèyàn lè pààrọ̀ ní Sùúrùlérè lọ́jọ́ náà tí yóò so okùn tó já lábẹ́ òkun. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí okùn òkun dá ṣáká, tó jẹ́ pé pálọ̀ ẹni gan-an ni àléébù wà. Ohun èlò àyẹ̀wò ni yóò sọ èyí tó ń ṣe wá, bí a bá mọ ibi tó yẹ ká so ó mọ́.

Ètò tó wọ́pọ̀ fún fáíbà inú ilé ni GPON, tí àjọ ITU gbé ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2003. Ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ OLT wà ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì. Okùn dígí kan ṣoṣo ń jáde láti ihò kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀, ó dé inú àpótí kan lórí òpó tàbí lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí splitter ti pín ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ fún ilé 32 tàbí 64. Splitter yìí kò lo iná mànàmáná rárá. Bí okùn bá wọlé, ó wọ inú ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ ONT, èyí tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ohun tí ráútà lè gbà. Nígbà mìíràn àpótí kan náà ni ONT àti ráútà jọ ń gbé. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ wá sílé ní gígùn ìgbì 1490 náńómítà, ó ń gbé gígábíìtì 2.488 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tó ń ti ilé padà ń lo 1310, ó ń gbé 1.244. Okùn kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà láìdí ara wọn lọ́wọ́, gbogbo ilé tó wà lórí splitter ló sì ń pín wọn lò.

Níbí ni ẹni tó fẹ́ yẹ ráútà wò ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù. Ohun tí OLT bá fi ránṣẹ́ ń dé gbogbo ilé, àdììtú AES ni wọ́n fi ń bò ó kí aládùúgbò má baà ka ti ẹlòmíràn. Ní ìpadàlọ, àkókò ni OLT ń pín fún ONT kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tó gbọdọ̀ tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lásìkò ẹlòmíràn. Bí a bá wá mú ẹ̀rọ fáíbà lásán, irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í kú, tí a kì í bọ okùn ilé, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń kígbe láìdánudúró nínú ìpàdé tí alága ń pe olúkúlùkù dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ilé tó kù lórí splitter náà lè dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, oníṣẹ́ náà sì lè máà mọ̀ pé òun ló fà á. Nítorí náà, ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó bá fẹ́ bá OLT sọ̀rọ̀ tààrà gbọ́dọ̀ máa ṣe bí ONT: kó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, kí wọ́n sì ti fi nọ́ńbà náà sínú OLT ní ọ́fíìsì. Ẹni tí kò bá ní irú rẹ̀, kó jẹ́ kí ONT ilé dúró sáyè rẹ̀, kó so ohun èlò tirẹ̀ mọ́ ihò wáyà ẹ̀yìn rẹ̀. Lójú tèmi, èyí ló dára jù fún iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n ká tó dórí ráútà, ìmọ́lẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wọ̀n. dBm ni mítà ìmọ́lẹ̀ fi ń kà á. Mílíwáàtì kan ni 0 dBm; nígbàkigbà tí nọ́ńbà bá fi 3 wálẹ̀, ìdajì agbára ti lọ. Ká ní OLT ń tan ìmọ́lẹ̀ 3 dBm, ilé sì jìnnà tó kìlómítà 5. Okùn dígí a máa jẹ nǹkan bíi 0.25 dB lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 1.25. Splitter onílé 32 a jẹ nǹkan bíi 17. Ká fi 2 fún gbogbo ojú ìsopọ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20.25, nítorí náà nǹkan bíi −17 dBm ló yẹ kí mítà kà nílé. ONT oníkíláàsì B+ lè gba ìmọ́lẹ̀ títí dé −27, ìyẹn ìdá méjì péré nínú mílíọ̀nù wáàtì kan. Ẹni tó bá wá ka −25 lè rí i pé iná ONT tàn geerege, kó ní kò sí wàhálà kankan. Bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́fà èyí tó yẹ lọ. Ìṣírò tí a kọ́kọ́ ṣe ló tú àṣírí yẹn. Mítà nìkan kò lè tú u.

Níbo ni ìyókù sọnù sí? Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnu okùn ni. Ojú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà láàárín dígí náà kò fẹ̀ ju nǹkan bíi ìdá 9 nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà kan, erukú tí ojú kò rí sì tó láti dí i. Ẹni tó fọwọ́ kan ẹnu okùn, tó fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nù ún, tó wá kì í bọ mítà, ti fi ìdọ̀tí kún ohun tó fẹ́ wọ̀n. Aṣọ tí kì í já fọ́nrán àti ọtí isopropyl ni ká fi nù ún kí á tó so ó, ní gbogbo ìgbà. Ẹ tún wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹnu aláwọ̀ ewé ni APC, ojú dígí rẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀ ní dígírì 8. Ẹnu búlúù ni UPC, tirẹ̀ kò dàgẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì wọ ihò ara wọn, ibẹ̀ sì ni ewu wà, nítorí ojú wọn kò ní kanra dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ á ṣòfò, òmíràn á ta padà, dígí sì lè bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú wo ẹnu okùn láti mọ̀ bóyá ó ń tàn. Ojú èèyàn kò rí 1490, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ojú léṣe.

Wíwọn èyí tó ń ti ilé lọ gba ọgbọ́n mìíràn. Bí a bá yọ okùn lára ONT, tí a fi mítà lásán síbẹ̀, ONT kò gbọ́ ohùn OLT mọ́, á sì dákẹ́, a ò ní rí nǹkan kan kà. Mítà ẹlẹ́nu méjì ni wọ́n fi ń ṣe é: okùn láti ìta wọ ẹnu kan, ONT wà lẹ́nu kejì, ọ̀rọ̀ ń lọ ó ń bọ̀, mítà sì ń ka ọ̀nà méjèèjì bí wọ́n ṣe ń kọjá. OTDR, tó máa ń sọ iye mítà tó wà láàárín wa àti ibi tí okùn ti já, kì í sì í ṣe ohun tí a ń yìn lu okùn tí àwọn èèyàn ń lò lọ́wọ́ ní 1310. Orí 1625 tàbí 1650 ni wọ́n ń gbé e sí, kó má baà da ti àwọn ará àdúgbò rú.

Ní yàrá àyẹ̀wò, níbi tí wọ́n ti ń dán ráútà tuntun wò kó tó dé ilé oníbàárà, ìṣòro náà yí padà pátápátá. OLT àti ONT wà lórí tábìlì kan, wáyà fáíbà mítà kan ló wà láàárín wọn, ìmọ́lẹ̀ 3 dBm sì ń lọ tààrà sójú ONT B+ tí kò yẹ kó gbà ju −8 lọ. Àpọ̀jù ìmọ́lẹ̀ á mú kó máa ṣe ségesège, ó tilẹ̀ lè ba ojú rẹ̀ jẹ́. Attenuator, ohun tó ń dín agbára ìmọ́lẹ̀ kù, ti 15 sí 20 dB ni wọ́n ń fi sáàárín kó lè dà bíi pé ilé jìnnà.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti péye ni ọ̀rọ̀ wá kan ráútà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan pẹ̀lú wáyà tó dára tó. Lórí ihò gígábíìtì kan, iperf, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wọn iyára, lè fi nǹkan bíi 940 mẹ́gábíìtì hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá ń fi 94 hàn láìyẹsẹ̀, ẹ wo wáyà yẹn kí ẹ tó bú ráútà: gígábíìtì ń lo ìso méjì-méjì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú wáyà, 100 ń lo ìso méjì péré, nítorí náà bí ọ̀kan bá já, ẹ̀rọ lè rọra sọ̀kalẹ̀ sí 100 láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó fẹ́ lọ jìnnà a máa tẹ̀ lé ìlànà àyẹ̀wò RFC 2544 ti ọdún 1999, tó ní ká fi ẹrù kéékèèké báítì 64 àti ńláńlá báítì 1518 dán an wò, torí ráútà tó ń gbé ńlá fẹ́rẹ́fẹ́ lè kọsẹ̀ lórí kékeré. Wi-Fi ni kó gbẹ̀yìn, torí ògiri búlọ́ọ̀kù lè jẹ ẹ́ mọ́ ọ̀nà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin tí ẹ ń san owó fáíbà lóṣooṣù nìyí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá so ó sílé yín, ẹ ní kí oníṣẹ́ sọ iye dBm tí mítà rẹ̀ kà, kí ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú déètì sẹ́yìn ONT. Lọ́jọ́ tó bá wá padà wá sọ pé, “Mọ́mì, ráútà yín ló ti bàjẹ́,” ẹ bi í pé, “Ọmọ mi, kí ni mítà rẹ kà lónìí?” Bí nọ́ńbà méjèèjì bá bára mu, ẹ jẹ́ kó fi wáyà yẹ ráútà wò. Bí ti òní bá fi 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ sí ti àtijọ́, ẹ tọ́jú owó yín, kí ẹ ní kó lọ wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń ṣòfò.