Ọmọkùnrin àti Orúkọ Tí A Ń Pè É

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Attécoubé, ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tí ó para pọ̀ di ìlú Abidjan, orúkọ kan gbòde lẹ́yìn rògbòdìyàn ìbò ọdún 2010 sí 2011: microbe, èyí tí í ṣe kòkòrò àrùn. Àwọn ọmọkùnrin tí ń fi àdá jalè lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Ìwà wọn burú, ẹ̀mí sì ti ṣòfò. Síbẹ̀, ó yẹ kí á bi ìtàn èdè léèrè ohun tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe.

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ọmọkùnrin ni cniht, ọmọkùnrin náà sì ni cnafa. Àwọn méjèèjì tún di orúkọ ìránṣẹ́. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, cniht di jagunjagun tí ń gun ẹṣin sin olúwa rẹ̀. Òun ni knight, tí ó di oyè. Cnafa kò rí ẹṣin gùn. Ìdí iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni ó wà títí ó fi di knave, ìyẹn oníjìbìtì. Ní èdè Jámánì, ìbátan wọn gba ọ̀nà mìíràn: Knabe ṣì jẹ́ ọmọkùnrin, Knecht ni ó di ìránṣẹ́. Àbùkù kò sí lára ọ̀rọ̀ náà. Ipò tí àwùjọ fi ọmọ sí ni ó ń gbé e ga tàbí tí ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Boy náà ṣe ìrìn àjò tirẹ̀. Àwọn Faransé yá a lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, wọ́n sì fi ń pe ọmọ ọ̀dọ̀ aláwọ̀ dúdú, ì báà jẹ́ bàbá ọlọ́mọ. Ferdinand Oyono ará Kamẹrúùnù fi ọ̀rọ̀ yìí sí orúkọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ ní ọdún 1956.

Àwa náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí ó bá tẹ̀lé “ọmọ” ni ó ń sọ ibi tí a fi í sí. Ní Ìbàdàn ọ̀rúndún kọkàndínlógún, níbi tí a kì í ti jogún oyè, ọmọ ogun tí ó bá gbójú lè di Balógun. Ní Èkó òde òní, ọmọ ìta ni ọmọ tí ilé kò gbà.

Àwọn aláṣẹ Côte d'Ivoire ti yan orúkọ mìíràn fún àwọn ọmọ wọ̀nyí: ọmọ tí ó kọlu òfin. Ó sàn, nítorí pé ó dá “ọmọ” padà fún wọn. A kì í rán kòkòrò àrùn lọ kọ́ṣẹ́. Pípa ni à ń pa á, àwọn kan nínú wọn sì ti kú sọ́wọ́ èrò tí inú ń bí. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó. Ẹṣin ni cnafa kò rí gùn.