Pijó 504: Mọ́tò Tó Gbé Olùkọ́ Jókòó Bí Olóyè

  Lónìí, ìtàn mọ́tò la fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ iyì sì ni pẹ̀lú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà ọdún Àjíǹde tó kọjá, mo lọ sílé wa ní Òmù-Àrán. Ohun méjì ni mo bá lọ: mo fẹ́ kí ìyá mi, mo sì fẹ́ ta mọ́tò bàbá mi. Bàbá mi ti di olóògbé. Peugeot 504 wọn ṣì wà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wà á. Ọkùnrin kan tó ń ra àlòkù irin ti dá owó lé e. Mo fẹ́ fi owó yẹn kún èyí tí mo ti tọ́jú, kí n fi ra Lexus ES 350 tòkunbọ̀ kan tí mo rí ní Ìlọrin. Camry kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí. Ẹni tó bá ti jókòó sínú Lexus, ojú rẹ̀ kì í fẹ́ rí Camry mọ́.

Ìyá mi kò sọ pé rárá. Wọ́n kàn ní kí n kọ́kọ́ lọ rí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo rojọ́ mi tán, Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Èyí tí ò ń wá yẹn, àwa ti rà á rí. Pijó là ń pè é nígbà tiwa."

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ Bàbá lè yé wa.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà pa wíwa mọ́tò lápá òsì tì, a bọ́ sápá ọ̀tún. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Owó epo rọ̀bì ń ya wọlé, ìjọba sì fẹ́ kí wọ́n máa to mọ́tò nílé níbí. Nínú oṣù kẹta ọdún 1975, Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná. Oṣù yẹn náà ni Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Àsìkò yẹn gan-an ni owó Údọ́jì dé: ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ oṣù mélòó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé, àwọn tí kò ronú mọ́tò rí, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Bàbá ní ìpele mẹ́ta ló wà nígbà náà. Nísàlẹ̀ ni Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá wà. Lókè pátápátá ni Mercedes-Benz wà, èyí tó jẹ́ ti ọ̀gágun àti olówó. Láàárín wọn ni 504.

Ìjàpá ni Bàbá kọ́kọ́ rà. Wọ́n ní kò ṣe wọ́n ní ibi. Afẹ́fẹ́ ló ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù, nítorí náà kò sí pé omi hó lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì náà wà, ariwo rẹ̀ sì máa ń bá ọmọ tó bá jókòó lẹ́yìn délé. Iwájú ni wọ́n ń kó ẹrù sí, ibẹ̀ ò sì gbà tó nǹkan. "Tí ìyá yín bá ra iṣu bọ̀ láti ọjà," Bàbá wí, "èmi àti iṣu la jọ ń jókòó."

Nígbà tó yá, wọ́n yá owó níbi iṣẹ́, wọ́n ra 504. Ọdún 1968 ni mọ́tò yìí jáde ní Fáránsé, wọ́n sì fi jẹ mọ́tò ọdún ní Yúróòpù ní 1969. Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ló ya ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Lára 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ló ń dá gòkè, tó ń dá sọ̀ kalẹ̀. Tí ọ̀kan bá já sí kòtò, èkejì ò ní tẹ̀ lé e. Sípíríǹgì rẹ̀ gùn, àga rẹ̀ sì rọ̀. Ní 1975 kan náà tí Kàdúná bẹ̀rẹ̀, 504 ló gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Safari Rally ní Kẹ́ńyà, lórí ọ̀nà tó burú ju tiwa lọ.

Bàbá bi mí pé, "Ṣé o ti dé Èsìẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ilé ẹ̀kọ́ ló kó wa lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí ní 1945, nítorí àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. "Ṣé o rántí pé púpọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí, tí ọrùn wọn dúró ṣánṣán? Láti ayébáyé la ti ń fi ìjókòó mọ ẹni iyì. Lọ́jọ́ tí mo wa 504 wọ Òmù-Àrán láti Àjàṣẹ́-Ìpo, bí mo ṣe jókòó nìyẹn."

Mo ní, "Bàbá, ohun tí èmi náà ń wá nínú Lexus gan-an nìyẹn."

Wọ́n ní kí n fara balẹ̀, àwọn kò tíì dé ibi tó ṣe pàtàkì.

504 kan tún wà, wágọ̀nù, tó ní ìlà àga mẹ́ta. Irin gbọọrọ kan ló so táyà ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ kó lè ru ẹrù. Òun ló gba gáréèjì kan. Òun ló ń gbé èrò lọ Èkó, lọ Kàdúná, lọ Jọs. Mọ́tò tó gbé ọ̀gá ìjọba lọ sí ọ́fíìsì àti èyí tó gbé oníṣòwò lọ sọ́jà, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Nítorí náà, kò sí ìlú tí mẹkáníìkì rẹ̀ kò sí, kò sì sí ọjà tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kò dé. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: àwọn awakọ̀ gáréèjì ló jẹ́ kí olùkọ́ lè gbádùn mọ́tò olóyè. Tí kì í bá ṣe tiwọn ni, ọdún kejì ni 504 Bàbá ì bá ti jókòó sílé.

Nǹkan wá yí padà. 505 jáde ní 1979, Kàdúná sì tò ó náà, ó tún gbayì ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní 1986, ètò SAP dé, náírà tó ti ju dọ́là lọ rí sì já wálẹ̀. Owó oṣù olùkọ́ kò lè ra mọ́tò tuntun mọ́. Ibẹ̀ ni tòkunbọ̀ ti gba ọjà. Àwọn mọ́tò tí ẹ fún lórúkọ ìnagijẹ, Honda "End of Discussion", Camry "Muscle", ọmọ ìgbà yẹn ni gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ Lexus mi. Mo ti wa méjèèjì wò láti Ìlọrin dé Ìdọ̀fìàn. Lexus dákẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ti fèrèsé ilé. Awọ ni wọ́n fi bo àga rẹ̀, tí mo bá sì tẹ̀ ẹ́, ó ń fò ni. Camry ń jẹ́ kí n gbọ́ ariwo táyà, àga rẹ̀ sì le díẹ̀. Ṣùgbọ́n egungun kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì, ilé kan náà ló bí wọn. Ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́nu mẹ́fà tó wà nínú ES 350, lítà 3.5, wà nínú Camry kan náà. Èyí tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa ni Camry ẹlẹ́nu mẹ́rin, lítà 2.4.

Bàbá bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta. Àkọ́kọ́: látìgbà tí ìjọba ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé ìrànwọ́ orí epo ti tán, èló lò ń ra epo lọ́sẹ̀? Ìkejì: tó bá dákẹ́ ní Àjàṣẹ́-Ìpo lálẹ́, ta ni yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀? Ìkẹta: lẹ́yìn tí o bá rà á, èló ló kù lọ́wọ́ rẹ?

Ìkẹta ló pa mí lẹ́nu mọ́. Kò sí ohun tó kù. Kódà, tí kò bá sí owó irin 504 bàbá mi, kò pé.

"Bàbá rẹ kò fi gbogbo owó rẹ̀ ra iyì," wọ́n wí. "Ó ra iyì tó lè tún ṣe."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Camry ẹlẹ́nu mẹ́rin ni mo rà. Owó ọwọ́ mi tó o, ó tún ṣẹ́ kù tí mo fi pààrọ̀ táyà àti ṣọ́ọ̀kì. Tí Lexus bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ṣì ń yíjú wò ó, n kò ní purọ́. Ẹni tí owó rẹ̀ bá gbé e, kó rà á, mọ́tò gidi ni. Ní ti 504, ó ṣì wà lábẹ́ àtíbàbà. Ìyá mi ń sá èlùbọ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Onírin tún pè lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kó má bínú.

Ó kù sọ́wọ́ yín. Mọ́tò wo ni ẹ bá nílé yín nígbà tí ẹ wà ní kékeré, kí sì ni àwọn òbí yín ń sọ nípa rẹ̀? Ẹ pè wọ́n kí ẹ bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná.