Orúkọ kan, ara mẹ́ta: ìtàn linker àti àmì orí ọ̀rọ̀ wa

1/
Ẹ jókòó o, ìtàn yìí gùn díẹ̀. 🧵

Tí ẹ bá ti kọ C tàbí C++ rí, ẹ ti pàdé "undefined reference". Function náà wà níbẹ̀, ẹ fi ojú ara yín rí i, ẹ̀yin gan-an lẹ kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú á wá máa bí yín bí ẹni tí kọ̀ńdọ́ ò fún ní ṣéńjì.

2/
Ẹni tó ń dá yín lóhùn yẹn kì í ṣe compiler. Linker ni. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ pé ó wà àfi lọ́jọ́ tó bá fa wàhálà. Iṣẹ́ ẹ̀ ti lé ní 70 ọdún láyé, ó sì kan àwa tó ń fi àmì sórí Yorùbá ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní Òṣòdì, torí ibẹ̀ ló máa tètè yé wa.

3/
Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó ọjà Owónífáàrí ní Òṣòdì. Wọ́n ní kí àwọn ọlọ́jà lọ sí ọjà Ìsọ̀pákódowó ní Bọ́ládé.

Ẹ rò ó wò. Oníṣòwò ò pààrọ̀ orúkọ. Ohun tó ń tà ò yí padà. Àdírẹ́sì nìkan ló yí. Àmọ́ oníbàárà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún, ibi àtijọ́ ló máa lọ, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló sì máa bá.

4/
Iṣẹ́ linker nìyẹn. Program kan lè wà nínú fáìlì 100. Compiler máa ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá dé ibi tí fáìlì yìí ti ń pe function tó wà nínú fáìlì mìíràn, á fi àyè sílẹ̀: "ẹni tó ń jẹ́ báyìí, mi ò tíì mọ ilé ẹ̀."

Linker ló máa wá kó gbogbo wọn jọ, á fún oníkálukú nílé, á sì padà lọ kọ àdírẹ́sì sí gbogbo àyè tó ṣófo. Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìyẹn ní relocation. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni ìjọba máa ń lò tí wọ́n bá ń kó ọlọ́jà.

5/
Ẹ jẹ́ ká wá padà sẹ́yìn.

Gbogbo ayé ló mọ ìtàn àfòpiná: 9 oṣù kẹsàn-án 1947, ní Harvard, wọ́n rí àfòpiná kan tó há sínú ẹ̀rọ Mark II. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ìwé yẹn wà ní Smithsonian dòní. Grace Hopper ló máa ń sọ ìtàn náà káàkiri, àmọ́ òun kọ́ ló rí kòkòrò náà. Ọ̀rọ̀ "bug" pàápàá ti wà tipẹ́: Thomas Edison ti lò ó nínú lẹ́tà ní 1878.

6/
Ìtàn tó kàn wá jù ṣẹlẹ̀ ní Cambridge. Oṣù karùn-ún 1949, kọ̀ǹpútà EDSAC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀gá ibẹ̀, Maurice Wilkes, kọ ọ́ sínú ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀ pé àárín ìgbà yẹn lòun rí i pé wíwá àṣìṣe nínú program òun fúnra òun ló máa gba púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé òun tó kù.

Bàbá, ẹ ò purọ́ o.

7/
Wọ́n ní àkójọ àwọn program kéékèèké lórí bébà gígùn tí wọ́n lu ihò sí: èyí ń ṣe ìṣirò báyìí, èyí ń tẹ èsì jáde. Ìṣòro: òní, ẹ lè gbé e sí ipò 100 nínú mẹ́mọ́rì. Lọ́la, ipò 250. Gbogbo àdírẹ́sì inú ẹ̀ ti di irọ́ nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀, David Wheeler, kọ àwọn àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀ tó ń fi nọ́ńbà ibi tí program náà bọ́ sí kún àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀rọ ṣe ń ka bébà. Àwọn àṣẹ yẹn ò gùn rárá. Wọ́n ti ń ṣe relocation kí ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa tó dáyé.

8/
Ní 1952 ni Grace Hopper ní A-0 tó ń ṣiṣẹ́ lórí UNIVAC. Ó pè é ní compiler. Àmọ́ tí ẹ bá wo ohun tó ń ṣe, pé ó ń wá àwọn program kéékèèké lórí tépù, ó ń kó wọn jọ, ó ń so wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan, linker ni à bá máa pè é lóde òní.

Ẹ ṣáà rántí obìnrin yìí fún èyí, kì í ṣe fún àfòpiná nìkan.

9/
Ó ku ìṣòro kan. Lẹ́yìn tí linker bá ti parí, program ò nílò orúkọ mọ́. Àdírẹ́sì ló fi ń rìn. Tó bá wá ṣubú lulẹ̀, ohun tó máa sọ fún yín ni: mo kú ní 0x401136.

Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ibẹ̀ ni debugging information ti wúlò. Ìwé àkọsílẹ̀ ni: àdírẹ́sì yìí jẹ́ ìlà 42 nínú fáìlì báyìí, nínú function báyìí.

10/
Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn tó ṣe Unix System V Release 4 gbé irú fáìlì kan jáde tó ń jẹ́ ELF. Wọ́n ṣe ìwé àkọsílẹ̀ tó bá a rìn, wọ́n sọ ọ́ ní DWARF. Ẹ̀fẹ̀ ni. Nínú àlọ́ àwọn òyìnbó, elf àti dwarf dà bí iwin àti aràrá nínú tiwa.

Ẹ̀fẹ̀ yẹn ṣì wà nínú fóònù Android tí ẹ mú lọ́wọ́ yẹn. DWARF ti dé ẹ̀dà karùn-ún, èyí tó jáde ní 2017.

11/
Àwọn irinṣẹ́ tó ń bá wa wá bug náà ní bug tiwọn. Ẹ gbọ́ èyí. Tí linker bá rí function tí ẹnikẹ́ni ò pè, ó lè jù ú nù. Àmọ́ DWARF ṣì ń dárúkọ ẹ̀. Kí ló máa kọ síwájú orúkọ náà?

Ó pẹ́ tó jẹ́ pé 0 ni wọ́n ń kọ. Lórí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké kan, 0 jẹ́ ojúlé gidi tí function alààyè ń gbé. Debugger á wá gbé orúkọ òkú lé alààyè lórí.

12/
Ní 2020, LLD, ìyẹn linker ti LLVM, yí i padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà tó ga jù lọ, ibi tí ẹnikẹ́ni ò lè kọ́lé sí. Wọ́n ń pe nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ní tombstone, òkúta orí sàréè.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: wọn ò pa orúkọ òkú rẹ́. Wọ́n fi àmì tó yẹ ẹ́ sí i ni.

13/
Ó wá kan Yorùbá.

Ní 2020 yìí kan náà, GCC 10 jáde, ó sì gbà pé kí a máa tẹ lẹ́tà bíi ọ, ẹ, ṣ tààrà sínú orúkọ function. Kó tó dìgbà yẹn, kóòdù ẹlẹ́nu gígùn lẹ máa kọ dípò lẹ́tà. Báyìí, ẹ lè kọ function kan kí ẹ sì sọ ọ́ ní ọjọ́. Ó dùn, àbí?

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìsọlọ̀ níbí ṣe bẹ́ẹ̀, òun àti ẹnì kejì ẹ̀. Kíbọọ̀dù wọn yàtọ̀. Linker ní òun ò mọ ọjọ́. Odindi ọjọ́ méjì ló lọ sí i.

14/
Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Nínú Unicode, ọ ní nọ́ńbà tiẹ̀. Ẹ má rò pé torí tiwa ni: abala tí èdè Vietnam ló wà. Ó náà ní nọ́ńbà tiẹ̀. Àmọ́ ọ́, tó ní àmì lókè tó ní nísàlẹ̀, ò ní. A ní láti kó o jọ. Ọ̀nà mẹ́ta rèé lára àwọn tó wà:

ọ, kí a fi àmì òkè lé e: E1 BB 8D CC 81
ó, kí a fi àmì ìsàlẹ̀ sí i: C3 B3 CC A3
o lásán, ìsàlẹ̀ kọ́kọ́, òkè tẹ̀ lé e: 6F CC A3 CC 81

15/
Lójú tiwa, lẹ́tà kan ni. Linker ò wojú ẹnikẹ́ni o. Báìtì ló ń kà, ó ń fi wọ́n wéra lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́ta yẹn, ẹni mẹ́ta ni lójú ẹ̀.

Báyìí lẹ ṣe máa mú un: ẹ fi nm wo fáìlì .o méjèèjì. Èyí tó ní U ń wá orúkọ náà, èyí tó ní T ló ni ín. Tí orúkọ méjèèjì bá jọra tí linker ṣì ń jà, ẹ da èsì nm sínú xxd, kí ẹ ka báìtì. Ibẹ̀ ni irọ́ ti máa tú.

16/
Àtúnṣe ẹ̀ ò le: ẹ sọ gbogbo fáìlì di NFC, ìyẹn ìlànà tó mú ọ̀nà kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́ta yẹn. Àkọ́kọ́ ló mú. GCC tiẹ̀ máa ń kìlọ̀ tí orúkọ kan ò bá sí ní NFC. Àmọ́ warning ni, kì í ṣe error. Ta ló ń ka warning?

C++23 ti sọ ọ́ di òfin báyìí pé orúkọ gbọ́dọ̀ wà ní NFC.

17/
Ẹ ó bi mí pé: kí ló dé tí wọn ò fún ọ́ ní nọ́ńbà tiẹ̀ ká sinmi? Unicode ti pinnu pé òun ò ní máa fún lẹ́tà tí a lè kó jọ ní nọ́ńbà tuntun mọ́, torí fáìlì àtijọ́ lè má bá tuntun mu mọ́.

Àmì abẹ́ lẹ́tà wa kì í ṣe ọmọ àná o. Ní 1875 ni wọ́n ti ṣe ìpàdé l'Ékòó níbí lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà.

18/
Ohun tó mú mi kọ thread yìí gan-an rèé. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ń wá ìrànlọ́wọ́, ìmọ̀ràn tó pọ̀ jù tó rí gbà ni: "yọ àmì yẹn kúrò jàre, wàhálà ni wọ́n."

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́. Ọkọ, ẹni tí obìnrin fẹ́. Ọkọ́, èyí tí àgbẹ̀ fi ń ro ilẹ̀. Ọkọ̀, èyí tó ń gbé wa ní Òṣòdì. Oko, ibi tí iṣu wà. Gbogbo wọn di oko. Èyí karùn-ún wà tí mi ò ní kọ síbí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

19/
Ẹ kó function mẹ́rin yẹn fún linker. Ẹ mọ ohun tó máa sọ? "Multiple definition of oko."

Ṣé ẹ rí i? Ẹ ò tún nǹkan kan ṣe. Ẹ kàn kúrò lọ́dọ̀ error kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn. Tẹ́lẹ̀, orúkọ kan ní ara mẹ́ta. Ní báyìí, ẹni mẹ́rin ń jẹ́ orúkọ kan. Ti àkọ́kọ́ ní àtúnṣe. Ti ìkejì, ohun tí ẹ sọ nù ò lè padà wá: kò sí irinṣẹ́ tó lè wo oko kó mọ èwo lẹ ní lọ́kàn.

20/
Ẹ má sì rò pé orúkọ àti àdírẹ́sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àwa oníyorùbá nìkan.

2024. Andres Freund, tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft lórí PostgreSQL, rí i pé wíwọlé sí ẹ̀rọ ẹ̀ nípasẹ̀ SSH ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ jù. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Irinṣẹ́ ẹ̀ ní inú liblzma ni àkókò ń lọ sí, àmọ́ kò rí orúkọ function kankan fún ibẹ̀.

Àdírẹ́sì tí kò ní orúkọ. Ìyẹn ló fu ú lára.

21/
Ẹnì kan tó pe ara ẹ̀ ní Jia Tan ti fi nǹkan bí ọdún méjì jèrè ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn tó ń ṣe XZ, ó wá fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ó lo ifunc, ọgbọ́n kan nínú linker tó máa ń jẹ́ kí library yan àdírẹ́sì tó máa dáhùn sí orúkọ kan. SSH á pe RSA_public_decrypt, ẹlòmíràn ló máa jẹ́ ẹ.

Freund tú àṣírí ẹ̀ ní 29 oṣù kẹta 2024, kó tó wọ ọ̀pọ̀ Linux tí àwọn èèyàn ń lò fún iṣẹ́. Linux yẹn náà ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ app tí à ń fi sanwó lójoojúmọ́.

22/
Nítorí náà, tí linker bá ní òun ò mọ orúkọ kan, ẹ má tètè bá a jà. Ẹ bi í léèrè: báìtì wo lo rí? Fáìlì wo ló ń wá a? Fáìlì wo ló ni ín? Ẹ dín program yẹn kù títí tó fi ku fáìlì méjì tó ṣì ń fi error náà hàn. Tó bá jẹ́ irinṣẹ́ ló ṣì í ṣe, fáìlì méjì yẹn lẹ máa fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tún un ṣe.

Ẹni tó bá sì ní kí ẹ yọ àmì kúrò kí iṣẹ́ lè yá, ẹ fi multiple definition hàn án.

Ẹ bá mi pín in fún àwọn tó ń kọ code nínú yín. Mo fẹ́ mọ̀: orúkọ Yorùbá wo lẹ ti fi sínú program rí, kí sì ni kọ̀ǹpútà sọ? Mò ń ka gbogbo ẹ̀.