Orísun Ló Ni Odò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Níbi ìgbéyàwó ni a ti máa ń gbọ́ òwe yìí jù, tàbí nígbà tí a bá ń sin ọmọ tí ó ń lọ sí ìlú òyìnbó dé ojú ọ̀nà. Ènìyàn ni a fi ń bá wí. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó ronú kan odò fúnra rẹ̀: níbo ni orísun náà wà, ta ní ń ṣọ́ ọ, kí ni yóò sì bá ẹni tí ń mu omi nísàlẹ̀ bí òkè odò bá bàjẹ́? Èmi náà kò ronú kàn án títí di ìdájí ọjọ́ kan nínú ọ̀yẹ́, tí mo dìde ní Ìjàn-Èkìtì, tí mo gbé àpò kékeré kan kọ́ èjìká, tí mo sì kọrí sí ìwọ̀ oòrùn láti lọ wo omi. Èmi nìkan ni mo lọ.

Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Kì í ṣe pé Yorùbá kì í rìn. Alájàpá ń rìn nítorí èrè, ọdẹ ń rìn nítorí ẹran, babaláwo ń rìn nítorí ìmọ̀, ará ilé ń rìn nítorí òkú àgbà àti nítorí ìyàwó. Ní àwọn ọdún 1880, Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, rìn dé àárín àwọn òkè ìhà ibí yìí, ó ń jíṣẹ́ àlàáfíà láti ibùdó ogun kan dé èkejì. Gbogbo wọn ní ẹni tí wọ́n ń lọ bá, tàbí ohun tí wọ́n ń lọ mú bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dìde nílé rẹ̀ kí ó lè lọ wo omi lásán, kí ó sì padà lọ́wọ́ òfo, ojú ẹni tí orí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pé ni a fi ń wò ó.

Láti Ìjàn dé Adó kò jìnnà. Bí a ti kúrò ní Adó, tí a sì kọjá Ìyìn, a dé Ìgèdè. Awakọ̀ wa kò fẹ́ dúró rárá. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ̀ mí kalẹ̀. Ìgèdè yìí ni ìtàn fi ìṣẹ̀ odò Ọ̀ṣun sí. Odò tí ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, tí ó kan Òṣogbo, tí ó gba ẹ̀gbẹ́ Ẹdẹ, tí ó sì já sí ọ̀sà ní ìhà Ẹ̀pẹ́, ìhín ni wọ́n ní ó ti dìde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní ń wọ́ lọ sí Òṣogbo lóṣù kẹjọ ọdọọdún fún ọdún Ọ̀ṣun. Àwọn kan ń ti Bràsíìlì àti Amẹ́ríkà wá. Ní ọjọ́ tí mo dúró ní Ìgèdè, èmi nìkan ni àlejò. Ibi tí odò ńlá ti ṣẹ̀ kì í jọ ibi ńlá lójú. Mo wọ ọkọ̀ mìíràn, mo sì ń bá ìrìn mi lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Láti Àrámọkọ ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Òkè gígùn kan na láti àríwá sí gúúsù níbẹ̀, ó sì dà bí ògiri láàárín Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Òkúta líle tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní quartzite ni egungun rẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè wà lórí rẹ̀. Òkèmẹ̀sí, ìlú Fábùnmi, wà ní ìhà àríwá. Àwọn òkè wọ̀nyí ni ó gba àwọn ènìyàn wa lọ́wọ́ ogun. Nígbà tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀ láti kọ ìjọba Ìbàdàn sílẹ̀, láti ọdún 1877 títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé àti Igbájọ ni wọ́n ti kojú ara wọn, nínú ogun tí a fi ìró ìbọn sọ lórúkọ, ogun Kírìjì. Kì í ṣe lásán ni wọ́n ń sọ pé láti inú "òkìtì" ni orúkọ Èkìtì ti wá.

Òkè kan náà yìí ni ìyá gbogbo omi tí mo ń lọ wò. Ní apá ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ni omi Olúmirin ti ń já bọ́ láti orí àpáta sí orí àpáta. Ní apá ìlà oòrùn rẹ̀ ni ìsun gbígbóná Ìkògòsì wà, àti omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò. Ẹni tí ó bá lọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú ọkọ̀, tí ó ya fọ́tò, tí ó sì padà, yóò rò pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òun rí. Ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ní Ìkògòsì, mo bọ́ bàtà, mo sì tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ omi gbígbóná, mo tẹ ti òsì bọ omi tútù, níbi tí méjèèjì ti pàdé. Omi méjì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ojú odò kan, ọ̀kan kò sì tíì gba ìwà èkejì. Àwọn ìwé ìpolówó sọ pé ìgbóná omi náà tó 70 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì níbi orísun. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ mi ìbá ti bó. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi ìwọ̀n wò ó rí i pé bí 37 tàbí 38 ni, èyí tí í ṣe ìgbóná ara ènìyàn tí ó jí pépé. Ní tèmi, òtítọ́ yìí dùn ju àsọdùn lọ: ilẹ̀ ń tú omi jáde ní ìgbóná kan náà tí ìyá fi ń gbé ọmọ mọ́ àyà.

Báwo ni omi ṣe ń gbóná láìsí iná? Òjò ní ń rọ̀ sórí òkè, tí ó ń gba inú sísán àpáta rì lọ sí ìsàlẹ̀. Bí ilẹ̀ ti ń jìn sí i ni ooru rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, kìlómítà kan sísàlẹ̀ máa ń fi nǹkan bí 25 sí 30 lé e. Omi náà a gbóná níbẹ̀, a sì wá ọ̀nà mìíràn gòkè wá sí ẹsẹ̀ òkè. Nítorí náà, omi tí ó kan ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ náà kì í ṣe òjò àná. Ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ kí ó tó jáde. Bí a bá sì pa igbó orí òkè run lónìí, kì í ṣe lọ́la ni ìsun yóò sọ fún wa.

Àwọn baba wa kò ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìtàn. Wọ́n ní ìyàwó méjì tí ọkọ kan fẹ́ ni omi méjèèjì. Ọ̀kan gbóná lára, èkejì tutù, òkè tí ó dúró tì wọ́n sì ni ọkọ. Irú ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọya, Ọ̀ṣun àti Ọbà, aya Ṣàngó, odò ni gbogbo wọn dà. Títí di òní ni a sì ń sọ pé omi ń ru gùdù níbi tí Ọ̀ṣun àti Ọbà ti pàdé, nítorí pé ìjà orogún wọn kò tán. Ti Ìkògòsì yàtọ̀: níbẹ̀, àwọn orogún ń ṣàn pọ̀ láìjà. Ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré ọmọdé. Ohun tí ó bá jẹ́ ìyá àgbà fún ọ, o kò ní da pàǹtí sí i lójú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti ìjọ Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, sọ ibẹ̀ di mímọ̀ fún ayé, tí ibẹ̀ sì di àgọ́ ìpàdé àwọn onígbàgbọ́. Lẹ́yìn èyí, ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Ó wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó títí di ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1996 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Ìjọba kan a kọ́ ilé sí i, òmíràn a jẹ́ kí koríko bò ó, ìjọba mìíràn a tún un kùn. Omi náà kò mọ̀ pé ìjọba yí padà.

Ó yẹ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan níhìn-ín. Èkìtì kò ní ọgbà orílẹ̀-èdè kankan. Ǹjẹ́ bí ó bá ní in, ìyọnu tán? Ọdún 1872 ni Amẹ́ríkà dá Yellowstone sílẹ̀, tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé. Wọ́n sì lé àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ kúrò kí àlejò lè ráyè wòran. Ọgbà Plitvice ní Kroéṣíà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1949, ní adágún 16 tí omi wọn ń já láti inú ọ̀kan sínú èkejì. Ẹ̀fun inú omi àti ewédò ní ń mọ ògiri tí ó dá àwọn adágún náà dúró. Bí omi òkè bá dọ̀tí, ògiri kò ní mọ mọ́. Nílé wa, ìjọba amúnisìn kọ́kọ́ ya igbó ìhà òkè odò Ògùn sọ́tọ̀ ní ọdún 1936, ó ya ti Ọ̀yọ́-Ilé sọ́tọ̀ ní ọdún 1941. Ní ọdún 1991 ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà orílẹ̀-èdè. "Igbó ọba" ni àwọn àgbẹ̀ ń pe irú igbó bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kì í ṣe tiwa. Mo ti rò ó títí: ọgbà tí a fi ẹ̀ṣọ́ àti tíkẹ́ẹ̀tì ṣọ́ lè dára, ṣùgbọ́n ohun tí kì í ṣe tiwa, a kì í sùn tì í.

Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó dé Ìpólé-Ìlórò. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ni mo bèèrè ọ̀nà Àrìnta lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi, ta ni o wá kí níhìn-ín?"

"Ẹ kúùrọ̀jẹ́ mà. Omi ni mo wá wò."

"Ìwọ nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Bí o bá ti dé ibẹ̀, kí o kí i. A kì í wọlé onílé láìkí. Nígbà tí àwa wà lọ́mọdé, kò sí ẹni tí ó jẹ́ fi ọṣẹ fọ nǹkan lókè omi yẹn. Nísinsìnyí, àlejò ń dé, wọ́n ń jó, wọ́n ń lọ."

Mo gun òkè lọ. Omi ń bọ́ láti orí àpáta dúdú láàárín igi ńláńlá, ìrì rẹ̀ sì ń ta sí mi lójú kí n tó rí i. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Nígbà náà ni mo rí i nísàlẹ̀, níbi tí omi ti ń sinmi: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí wọ́n rọ̀ mọ́ gbòǹgbò. Mo kó ìwọ̀n tí àpò mi lè gbà. Mo sì kí omi náà gẹ́gẹ́ bí ìyá ti wí, ojú tì mí pé kì í ṣe èmi ni mo ronú kàn án.

Ó rọrùn láti parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀, kí a sọ pé èèwọ̀ àtijọ́ dára ju ọgbà ayé òde òní lọ. Òtítọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Ọ̀ṣun. Kò sí odò tí ó ní olùṣọ́ tó o ní ilẹ̀ Yorùbá: Àtáọ́ja ń bẹ, Ìyá Ọ̀ṣun ń bẹ, Àwòrò ń bẹ, Susanne Wenger fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ jà fún igbó náà, ìjọba àpapọ̀ kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Síbẹ̀síbẹ̀, àwọn tí ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà da ẹrẹ̀ sínú àwọn odò tí ń ṣàn wọ̀ ọ́, omi Ọ̀ṣun pọ́n bí ẹní po amọ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 2022, ìjọba ní láti kìlọ̀ fún àwọn olùfọkànsìn pé kí wọ́n má mu omi tí wọ́n ti ń mu láti ìran dé ìran. Wọ́n ṣọ́ igbó Òṣogbo dáadáa. Òkè odò ni ẹnikẹ́ni kò ṣọ́.

Ibi tí àṣìṣe wa wà nìyẹn, àtàwa onísẹ̀ṣe, àtìjọba, àtarìnrìn-àjò. Ibi tí omi bá ti lẹ́wà ni à ń ṣọ́. Ibi tí ó ti ń wá, tí kò ní ẹwà, tí awakọ̀ kì í dúró sí, a fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbé àdá débẹ̀.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó padà dé Ìjàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí odò kékeré tí ìyá ìyá mi máa ń rán wa lọ pọn ní ìdájí, tí kò sì gbọdọ̀ sí ariwo lẹ́nu wa bí a bá ti ń sún mọ́ ọn. Mo tọ̀ ọ́ gòkè, ohun tí n kò ṣe rí, títí mo fi dé ibi tí ó ti ń sun. Wọ́n ti gé àwọn igi ibẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ ti dé ẹnu ìsun gan-an, iná sísun oko sì ti jó koríko etí rẹ̀. Omi ṣì ń jáde, kò ju ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ.

Ẹbí wa ni ó ni oko náà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Mo lọ bá a nírọ̀lẹ́, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ogún ẹsẹ̀ bàtà sílẹ̀ yí ìsun náà ká, kí igi lè tún hù. Ó wò mí títí. Ó bi mí pé ta ni yóò san owó ẹ̀gẹ́ tí ìbá wà níbẹ̀. N kò rí èsì tí ó yanjú fún un. Ó ní òun ti gbọ́, òun yóò rò ó.